Ẹ̀rí Nínú Ọ̀rọ̀ Ẹ̀sìn: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Johnson, Lucas àti Ìdòwú

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ní ilẹ̀ Yorùbá. Nínú agbo-ilé kan náà, a lè rí baba tí ń bọ Ògún, ìyàwó rẹ̀ tí ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àti àbúrò rẹ̀ tí ó ti lọ sí Mẹ́kà tí ó sì ti di Àlàájì. Wọn a jọ máa jẹun, wọn a jọ máa sin òkú, wọn a sì jọ máa sọ ọmọ lórúkọ. Ìrẹ́pọ̀ yìí jẹ́ ohun ìyìn fún ìran wa. Ṣùgbọ́n ìrẹ́pọ̀ kì í sọ ọ̀rọ̀ méjì tí ó tako ara wọn di òtítọ́ kan ṣoṣo. Bí Mùsùlùmí bá ní láti Mẹ́kà ni Odùduwà ti wá, tí Onígbàgbọ́ ní ẹlẹ́sìn Kírísítì ni àwọn baba ńlá wa kí wọ́n tó ṣìnà, tí oníṣẹ̀ṣe sì ní ẹ̀wọ̀n ni Odùduwà fi rọ̀ láti òde ọ̀run sí Ifẹ̀, ó di dandan kí a béèrè èyí tí ó ní ẹ̀rí lẹ́yìn nínú wọn, àti irú ẹ̀rí tí ó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ju bí a ti rò lọ. Ní kíláàsì ni ọ̀pọ̀ ọmọdé ti ń kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn orírun Yorùbá, ohun tí olùkọ́ bá sì wí fún ọmọ ní kékeré ni yóò máa fi bá ènìyàn jiyàn títí di ọjọ́ ogbó. Bí olùkọ́ bá ka ìwé kan ṣoṣo, tí kò sì bi ìwé náà ní ìbéèrè, àṣìṣe ẹnìkan yóò di ìmọ̀ gbogbo ìran. Àwọn àgbà wa ti wí i pé àgbà òṣìkà ní í gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá. Òfin tí ó dára fún ààfin àti kóòtù yìí dára fún ìwé kíkà pẹ̀lú.

N kò kọ àròkọ yìí láti dá ẹ̀sìn kan láre, tàbí láti dá òmíràn lẹ́bi. Ohun tí mo fẹ́ ṣe ni kí n yẹ ọwọ́ tí àwọn òǹkọ̀wé mẹ́ta fi mú ẹ̀rí wò: Samuel Johnson, J. Olúmìdé Lucas, àti E. Bọ́lájí Ìdòwú. Ọmọ ilẹ̀ wa ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àlùfáà ìjọ Kírísítì sì ni wọ́n. Kò sí ẹni tí ń kọ́ nípa ẹ̀sìn àti ìtàn Yorùbá tí kò jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ ènìyàn ní gbèsè ọpẹ́, kò sọ pé kí a má yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò.

ÌMỌ̀ ÀTI ÌGBÀGBỌ́

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ó yẹ kí a rántí pé èdè wa fúnra rẹ̀ kò da ìmọ̀ pọ̀ mọ́ ìgbàgbọ́. Ní ọdún 1986, Barry Hallen àti Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olúbí Sódípọ̀, tí wọ́n ti jọ ṣe olùkọ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá àwọn oníṣègùn Yorùbá sọ. Ohun tí wọ́n rí gbọ́ ni pé a kì í lo ọ̀rọ̀ náà “mọ̀” bí kò ṣe fún ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí. Ohun tí a gbọ́ láti ẹnu ẹlòmíràn, tàbí tí a kà nínú ìwé, ìgbàgbọ́ ni: a gbọ́ ọ, a sì gbà á. Bí ènìyàn bá wá dán ohun tí ó gbàgbọ́ wò, tí ó sì rí i bẹ́ẹ̀, ìgbà náà ni ó tó lè di ìmọ̀ fún un.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, a ó rí i pé onígbàgbọ́ ni gbogbo wa, ì báà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ni a ń lọ, tàbí mọ́ṣáláṣí, tàbí igbó orò. Kò sí ẹni tí ó wà láàyè lónìí tí ó fi ojú rẹ̀ rí Odùduwà, tàbí Jésù, tàbí Ànábì Mùhámmádù. Nítorí náà, kì í ṣe pé ẹnìkan mọ̀, ẹnìkejì sì gbàgbọ́ lásán. Ìgbọ́ ni ti gbogbo wa, ohun tí ó sì kù ni kí olúkúlùkù yẹ ìgbọ́ tirẹ̀ wò. Ta ni ó sọ ọ́ fún ọ? Ǹjẹ́ ẹni náà wà níbẹ̀, tàbí òun náà gbọ́ ni? Ǹjẹ́ ẹlẹ́rìí mìíràn wà tí kò bá a jẹ, tí kò bá a mu, tí ó sọ ohun kan náà? Ǹjẹ́ ohun tí a lè fi ojú rí lónìí kò sọ òdì sí i? Ìbéèrè mẹ́rin yìí ni n óò máa bi àwọn òǹkọ̀wé wa.

JOHNSON ÀTI ÌTÀN MẸ́KÀ

Samuel Johnson, àlùfáà ní Ọ̀yọ́, parí ìwé rẹ̀ The History of the Yorubas ní ọdún 1897. Ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù sọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì. Johnson kú ní ọdún 1901, àbúrò rẹ̀ Obadiah, tí í ṣe oníṣègùn òyìnbó, ni ó tún un tò láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù, a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di ọdún 1921. Ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní ìyá ìtàn Yorùbá.

Ìtàn tí Johnson gbọ́ ni pé Lámúrúdu jẹ́ ọba kan ní Mẹ́kà, Odùduwà sì jẹ́ ọmọ rẹ̀. Odùduwà padà sí ìbọ̀rìṣà. Àwòrò rẹ̀ kan ń jẹ́ Asara, Asara sì bí ọmọ kan tí ń jẹ́ Braima, tí ó jẹ́ Mùsùlùmí. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ìlú lọ sí oko ọdẹ, Braima fi àáké fọ́ àwọn òrìṣà, ó sì gbé àáké náà kọ́ ère tí ó tóbi jù lọ lọ́rùn. Wọ́n ní kí a dáná sun ún. Èyí ni ó dá ogun sílẹ̀ láàárín Mùsùlùmí àti abọ̀rìṣà, a pa Lámúrúdu, a sì lé àwọn ọmọ rẹ̀ jáde.

Ẹni tí ó bá ti jókòó sí ilé-kéwú yóò ti rẹ́rìn-ín músẹ́ báyìí. Nínú Kùránì, ní Súrà Al-Anbiyā, a rí ìtàn Ànábì Ibrahim tí ó fọ́ àwọn ère ìlú rẹ̀, tí ó fi èyí tí ó tóbi jù sílẹ̀, tí a sì jù sínú iná. Nínú Súrà Al-An'ām, Azar ni orúkọ baba rẹ̀. Àwọn onítumọ̀ Kùránì ni wọ́n fi kún un pé Namrud ni ọba tí ó fẹ́ sun ún, àwọn náà ni wọ́n sì sọ ti àáké tí a gbé kọ́ ère ńlá lọ́rùn. Ibrahim ni Braima, Azar ni Asara, Namrud sì ni Lámúrúdu. Kódà pípè tí a pe Braima ní Mùsùlùmí kò yani lẹ́nu, nítorí pé ní ojú ẹlẹ́sìn Ìsìláàmù, Mùsùlùmí ni Ibrahim. Ohun tí a ní lọ́wọ́ nígbà náà kì í ṣe ìtàn tí àwọn baba wa gbé bọ̀ láti Mẹ́kà. Ìtàn tí àwọn alùfáà Mùsùlùmí ń sọ ni, tí a wá fi orúkọ Odùduwà há àárín rẹ̀.

Báwo ni Johnson ti ṣe nípa èyí? Níhìn-ín ni a ti rí ọgbọ́n rẹ̀ àti àléébù rẹ̀ pa pọ̀. Ó kọ Mẹ́kà sílẹ̀, ìdí tí ó sì fi kọ̀ ọ́ dára púpọ̀: kò sí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ àwọn Lárúbáwá nípa ọba kankan ní Mẹ́kà, bẹ́ẹ̀ ni ohun tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì bá tí ṣẹlẹ̀ kí àwọn òpìtàn wọn má gbọ́. Ìdájọ́ àgbà ni èyí. Ó pe ẹlẹ́rìí tí ó yẹ kí ó mọ̀, ẹlẹ́rìí náà dákẹ́, ó sì ka ìdákẹ́ rẹ̀ sí ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n kí ni ó fi rọ́pò Mẹ́kà? Ó ní láti òkè Íjíbítì tàbí Núbíà ni Yorùbá ti wá, pé wọ́n tẹ̀lé Nimrodu lọ sí ogun títí dé ilẹ̀ Lárúbáwá, àti pé ó ṣeé ṣe kí ẹ̀sìn tí a torí rẹ̀ lé wọn jáde jẹ́ ẹ̀sìn Kírísítì ti Ìlà-Oòrùn tí ó ti díbàjẹ́. Ìdì kan wà ní Ifẹ̀ tí wọ́n ń bọ, tí àwọn kan ní Kùránì ni ó wà nínú rẹ̀. Johnson ní ó dà bí ẹni pé Ìwé Mímọ́ àwọn Onígbàgbọ́ ni. Kò mú ẹnikẹ́ni jáde tí ó tú ìdì náà tí ó sì kà á. Bákan náà ni ó wo ìtàn Mọ́remí àti Ẹlà ọmọ rẹ̀, tí ó sì rí òjìji Màríà àti Jésù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n Johnson fúnra rẹ̀ wọn Johnson. Ǹjẹ́ a rí Odùduwà nínú àkọsílẹ̀ àwọn Onígbàgbọ́ Íjíbítì? A kò rí i. Ǹjẹ́ a rí i nínú àkọsílẹ̀ Núbíà? A kò rí i. Ìdákẹ́ tí ó pa ẹjọ́ Mẹ́kà ni ó yẹ kí ó pa ẹjọ́ Íjíbítì pẹ̀lú. Àlùfáà náà fi òṣùwọ̀n ńlá wọn ohun tí ẹlẹ́sìn kejì wí, ó sì fi òṣùwọ̀n kékeré wọn tirẹ̀. N kò rò pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, bí ọkàn ènìyàn ti rí ni. Ohun tí a bá fẹ́ kí ó jẹ́ òtítọ́, ẹ̀rí díẹ̀ a máa tó wa, ohun tí a kò bá sì fẹ́, ẹ̀rí púpọ̀ kì í tó.

Kí Mùsùlùmí má sì rò pé Johnson nìkan ni ó jẹ̀bi. Mùhámmádù Bello, Sultan Ṣókótó, ti kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ Infaq al-Maysur, ní nǹkan bí ọdún 1812, pé ọmọ Kénáánì ni Yorùbá, láti inú ẹ̀yà Nimrodu, tí a lé kúrò ní ilẹ̀ Lárúbáwá. Òun náà kò wá sí Ifẹ̀ béèrè. Ó wo Yorùbá láti Ṣókótó, ó sì wá àyè fún wọn nínú ìtàn ayé tí ó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

LUCAS ÀTI ÍJÍBÍTÌ

Ní ọdún 1948, Olúmìdé Lucas tẹ The Religion of the Yorubas jáde ní Èkó. Iṣẹ́ takuntakun ni. Ó kó orúkọ òrìṣà, èèwọ̀, àti ọdún wọn jọ ní àkókò tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ṣì ń sọ pé ẹ̀sìn wa kò ju ère àti òkúta bíbọ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé ìwé náà ró ni pé láti Íjíbítì àtijọ́ ni ẹ̀sìn Yorùbá ti wá, ẹ̀rí tí ó sì gbójú lé jù lọ ni ìjọra ọ̀rọ̀. Ó tú orúkọ òrìṣà àti ọ̀rọ̀ Yorùbá sí wẹ́wẹ́, ó sì wá ọ̀rọ̀ Íjíbítì tí ó dún bíi wọn.

Ẹ̀rí yìí kò lè dúró, ohun mẹ́ta ni kò sì jẹ́ kí ó dúró. Èkínní, àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ kì í kọ fáwẹ̀lì sílẹ̀ nínú ìwé àwòrán wọn. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ni wọ́n ń kọ, àwọn onímọ̀ òde òní ni wọ́n sì ń fi fáwẹ̀lì há a kí ó lè ṣeé pè. Ní ti Yorùbá, fáwẹ̀lì àti ìró ohùn ni ẹ̀mí ọ̀rọ̀. Igba, igbá, ìgbà àti ìgbá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Bí a bá mú ohùn kúrò nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, tí fáwẹ̀lì kò sì sí nínú ti Íjíbítì, ohun tí ó kù láti fi ṣe ìwọ̀n kò ju egungun kọ́ńsónáǹtì méjì tàbí mẹ́ta lọ. Ta ni kò lè fi irú egungun bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹran tí ó bá wù ú?

Èkejì, ọ̀rọ̀ méjì lè jọra láìjẹ́ pé wọ́n bá ara wọn tan. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti èdè Páṣíà ní ọ̀rọ̀ kan tí ó dún bákan náà, bad, tí ó sì túmọ̀ sí “búburú” nínú méjèèjì. Àwọn onímọ̀ èdè ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé orírun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ní. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ láìka pé ọ̀rọ̀ náà dún bákan náà tí ìtumọ̀ rẹ̀ sì ṣe déédé, kí ni a ó wí nípa ìjọra tí a ní láti fi tipátipá wá?

Ẹ̀kẹta, àwọn ìbátan èdè wa wà nítòsí, wọn kò fara pa mọ́. Ohun tí àwa ń pè ní ẹ̀ta, Ẹ̀dó ń pè é ní eha, Ìgbò ń pè é ní atọ, àwọn Swahili ní òdìkejì Áfíríkà sì ń pè é ní tatu. Ohun tí àwa ń pè ní ẹ̀rin, ene ni lẹ́nu Ẹ̀dó, anọ ni lẹ́nu Ìgbò, nne ni lẹ́nu Swahili. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ àárín wọn ní ìlànà, kì í ṣe bí ó ti wù ú. Joseph Greenberg kó irú ẹ̀rí yìí jọ nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní ọdún 1963, ó sì fi èdè Íjíbítì àtijọ́ sí ẹbí kan náà pẹ̀lú èdè Lárúbáwá àti Haúsá, ṣùgbọ́n ó fi Yorùbá sí ẹbí mìíràn pẹ̀lú Igala, Ẹ̀dó, Ìgbò àti Swahili. Lucas kò rí ìwé yìí nígbà tí ó ń kọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àkójọ ọ̀rọ̀ èdè Áfíríkà tí Koelle ṣe ní Freetown ti wà nínú ìwé láti ọdún 1854, Yorùbá àti àwọn ìbátan rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ó ti rékọjá ilé aládùúgbò kí ó tó lọ wá ẹbí ní òkèèrè.

A lè lóye ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà náà jẹ́ ìgbà tí òyìnbó ń fi ojú ẹni tí kò ní ìtàn wò wá, Íjíbítì sì jẹ́ orúkọ ńlá. Ní ọdún 1910, Leo Frobenius ará Jámánì dé Ifẹ̀, ó rí ẹwà àwọn orí tí a fi amọ̀ àti idẹ ṣe níbẹ̀, ó sì ní kò lè jẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá wa ni ó ṣe é. Ó so ó mọ́ ìlú Atlantis tí àwọn Gíríìkì ń sọ ìtàn rẹ̀. Lucas fẹ́ gbé wa ga, Frobenius kò fẹ́. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì gbà pé ohun tí ó bá níyì gbọ́dọ̀ ti òkèèrè wá. Ẹ̀rí tí a hú láti inú ilẹ̀ ni ó dá wọn lóhùn. A rí orí idẹ púpọ̀ sí i ní agbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní ọdún 1938, Frank Willett sì walẹ̀ ní Ìta Yemòó láti ọdún 1957. Àwọn iṣẹ́ tí ó lórúkọ jù nínú wọn jẹ́ ti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, Ifẹ̀ sì ni a ti ṣe wọ́n. Ní ọdún 1965, a hú egungun ènìyàn kan ní Ihò Eléérú ní ìhà Àkúrẹ́, tí ó ti lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọdún. Èyí kò sọ fún wa pé Yorùbá ni ẹni náà. Ó sọ pé ilẹ̀ yìí kò ṣófo nígbà tí ẹnikẹ́ni ìbáà dé. Ibi tí ẹ̀rí bá dé ni kí a dúró.

Lónìí àwọn mìíràn ti yí ọ̀rọ̀ Lucas padà. Wọ́n ní láti Ifẹ̀ ni ọgbọ́n Íjíbítì ti jáde lọ, ìjọra ọ̀rọ̀ náà ni wọ́n sì ń fi ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá kọ ti Lucas nítorí ọ̀nà tí ó gbà, ó gbọ́dọ̀ kọ tiwọn náà, bí ó tilẹ̀ dùn mọ́ wa nínú jù.

ÌDÒWÚ ÀTI OLÓDÙMARÈ

Ìwé Bọ́lájí Ìdòwú, Olódùmarè: God in Yoruba Belief, tí ó jáde ní ọdún 1962, sàn ju méjèèjì lọ ní ọ̀nà kan tí ó ṣe pàtàkì: àwọn ẹlẹ́sìn náà ni ó pè gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Ẹsẹ Ifá, oríkì, òwe, orúkọ ènìyàn, ọ̀rọ̀ àwọn babaláwo, ìwọ̀nyí ni ó fi kọ́ ilé rẹ̀. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé Olódùmarè ni orí ohun gbogbo nínú ẹ̀sìn Yorùbá, àti pé òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni àwọn òrìṣà. Nítorí náà, ẹ̀sìn Ọlọ́run kan ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé agbára Rẹ̀ tàn ká ara ọ̀pọ̀ òrìṣà.

Ìlànà rẹ̀ tọ́. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí ẹ̀sìn kan ń kọ́ni, ọmọ inú ilé ni kí a bi. Nítorí èyí ni kò fi yẹ kí a máa fi Bíbélì èdè Yorùbá, tí iṣẹ́ rẹ̀ parí ní ọdún 1884, ṣe ẹ̀rí irú ẹni tí Èṣù jẹ́. Àwọn olùtúmọ̀ nílò orúkọ fún Sátánì, wọ́n sì mú Èṣù. Ohun tí wọ́n nílò ni yíyàn náà sọ fún wa, kò sọ ohun tí àwọn tí ń bọ Èṣù gbà gbọ́. Àwọn wọ̀nyẹn kò pè é ní ọ̀tá Olódùmarè rí. Òun ni ó ń gbé ẹbọ lọ. Ìdòwú rí èyí, ó sì wí i.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó pe ẹlẹ́rìí tí ó dára tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ irú ìbéèrè tí ó ń bi í. Nígbà tí Ìdòwú fẹ́ sọ irú ẹni tí Olódùmarè jẹ́, ó tò ó báyìí: Ẹlẹ́dàá, Ọba, Alágbára gbogbo, Olùmọ̀ ohun gbogbo, Onídàájọ́, Aláìkú, Mímọ́. Ẹni tí ó bá ti kọ́ kátíkísìmù yóò mọ ètò yìí. Kì í ṣe pé Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ fún ìwọ̀nyí. Wọ́n ní i. Ìbéèrè ni bóyá bí àwọn babaláwo yóò ti to ọ̀rọ̀ náà nìyẹn bí a bá fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n sọ ọ́ bí ó ti wà nínú wọn. Ẹ wo àìkú Olódùmarè. Ìdòwú fúnra rẹ̀ tọ́ka sí ẹsẹ Ifá kan níbi tí a ti dá Ifá fún Olódùmarè lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Àìkú tí a dá Ifá sí kì í ṣe àìkú tí àwọn Onígbàgbọ́ ń sọ, nítorí pé Ọlọ́run wọn kò lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni kí ó tó jẹ́ aláìkú. Ẹlẹ́rìí náà sọ ohun kan, adájọ́ sì kọ ohun mìíràn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni orúkọ ènìyàn. Bí Olúwaṣeun bá jẹ́rìí sí Olódùmarè, Fágbèmí, Ògúnbíyìí àti Ọ̀ṣuntókun ń jẹ́rìí pẹ̀lú, kò sì yẹ kí a sọ wọ́n di ọmọ ọ̀dọ̀ nínú ìwé kí a tó béèrè lọ́wọ́ wọn.

Okot p'Bitek, akéwì ará Uganda, gbé ẹ̀sùn yìí ka gbogbo onímọ̀ Áfíríkà tí ó jẹ́ Onígbàgbọ́ lórí ní nǹkan bí ọdún 1970. Ó ní aṣọ àyálò ni wọ́n fi wọ àwọn òrìṣà Áfíríkà. Ẹ̀sùn náà mú, ṣùgbọ́n òun náà kò bọ́ lọ́wọ́ òṣùwọ̀n wa. Ìlú Àkólì ni ó mọ̀ dáradára. Ohun tí ó jẹ́ òtítọ́ ní Àkólì kò di òtítọ́ ní Ọ̀yọ́ àfi bí a bá yẹ ti Ọ̀yọ́ wò. Níbi tí Ìdòwú ti kó ẹ̀rí jọ láti ẹnu Yorùbá, ẹ̀rí Yorùbá mìíràn nìkan ni ó lè borí rẹ̀.

IBI TÍ Ẹ̀RÍ LÈ DÉ

Ẹnìkan lè béèrè báyìí pé, “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ǹjẹ́ o ti wó ẹ̀sìn lulẹ̀?” Rárá o. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wà nínú ẹ̀sìn, kò sì yẹ kí a dà wọ́n pọ̀. Èkínní ni ọ̀rọ̀ ìtàn: láti ibo ni a ti wá, ta ni ó kọ́kọ́ dé, kí ni ó ṣẹlẹ̀. Níhìn-ín, ìwé, èdè, àti ohun tí a hú nínú ilẹ̀ ni adájọ́, ẹ̀sìn kankan kò sì gbọ́dọ̀ béèrè ojúsàájú. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́: kí ni ẹ̀sìn kan ń kọ́ni. Àwọn tí ń ṣe é ni ẹlẹ́rìí. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ohun àìrí: bóyá Ọlọ́run gbọ́ àdúrà, bóyá orí yan ìpín. Ẹni tí ó fi hàn pé ìtàn Lámúrúdu kì í ṣe ìtàn Yorùbá kò tíì sọ ohunkóhun nípa bóyá Ọlọ́run wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá kò tó láti sọ ọ́ di irọ́ tàbí òtítọ́.

Síbẹ̀, kí a má ṣe sọ pé nítorí ohun àìrí ni ẹ̀sìn ń sọ, a kò gbọdọ̀ lo ọgbọ́n orí sí i. Àwọn ẹ̀sìn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fúnra wọn kò wí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Kọ́ríńtì lórí àjíǹde, ó ka ẹlẹ́rìí fún wọn, ó sì ní ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì wà láàyè, bí ẹni tí ń wí pé kí wọ́n lọ béèrè. Àwọn onímọ̀ Hadiisi, irú Imam Bukhari tí ó kú ní ọdún 870, kì í gba ọ̀rọ̀ kan láìbéèrè ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni, àti irú ìwà tí olúkúlùkù wọn ní. Nínú Ifá pẹ̀lú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá ti ṣàlàyé pé bí babaláwo bá ṣi ẹsẹ Ifá kì láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọn kì í dákẹ́, wọn a dá a dúró. Ẹni tí ó wá dá Ifá kì í sì í kọ́kọ́ sọ ohun tí ó bá wá fún babaláwo. Ọ̀rọ̀ sínú ni, kí a lè mọ̀ bóyá Ifá ni ó sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí a wo ibi tí olúkúlùkù ẹ̀rí yìí dé. Àwọn ẹlẹ́rìí tí Pọ́ọ̀lù kà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Lẹ́nu Pọ́ọ̀lù ni a ti gbọ́ wọn. Ẹ̀wọ̀n àwọn onímọ̀ Hadiisi lè fi hàn pé Ànábì sọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n kò lè fi ara rẹ̀ nìkan hàn pé ohun àìrí tí ọ̀rọ̀ náà ń sọ rí bẹ́ẹ̀. Ìṣọ́ra àwọn babaláwo ń pa ẹsẹ Ifá mọ́ kí ó má yí padà, èyí kò sì jẹ́rìí pé ohun tí ẹsẹ náà sọ ṣẹlẹ̀ rí. Ẹni tí ó wá dá Ifá ni ó sì ń yan ẹsẹ tí ó bá ọ̀ràn rẹ̀ mu nínú ọ̀pọ̀ tí a kì fún un. Kò sí èyí tí kò ní ẹ̀rí nínú wọn, kò sì sí èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ gbé e dé òpin ọ̀nà. Láti ibi tí ẹ̀rí kù sí títí dé òpin, ìgbàgbọ́ ni, ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò sì tàbùkù ẹ̀sìn rẹ̀. Orúkọ gan-an tí Yorùbá fún ọ̀rọ̀ náà ni ó lò.

OHUN TÍ Ó KÀN WÁ

Kí ni kí olùkọ́ ṣe ní kíláàsì? Kò yẹ kí ó fi ìtàn Lámúrúdu pa mọ́. Kí ó sọ ọ́, kí ó sì ṣí ìtàn Ibrahim sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí àwọn ọmọ fúnra wọn rí i. Kí ó sọ ti ẹ̀wọ̀n Odùduwà bí àwọn ará Ifẹ̀ ti ń sọ ọ́, kí ó sì fi yé wọn pé ìtàn náà ń sọ ohun tí Ifẹ̀ jẹ́ lójú àwọn ọmọ rẹ̀, àti pé a kì í fi wá ọjọ́ orí ìlú. Bí ọmọ Mùsùlùmí bá béèrè ẹ̀rí lọ́wọ́ ọmọ Onígbàgbọ́, kí olùkọ́ ní kí ó kọ́kọ́ fi ìbéèrè náà kan ara rẹ̀, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnìkejì àti ẹnìkẹta. Ọmọ tí a bá kọ́ báyìí yóò lè jókòó nínú agbo-ilé ẹlẹ́sìn mẹ́ta, kí ó sì sọ òtítọ́ láìbú ẹnikẹ́ni.

Johnson, Lucas àti Ìdòwú ṣe iṣẹ́ wọn nígbà tí ó ṣòro, láìsí ẹni tí ó la ọ̀nà náà fún wọn. Ọ̀nà tí a lè gbà bọlá fún wọn ni pé kí a bá iṣẹ́ náà lọ síwájú, kí a sì máa lo òṣùwọ̀n kan ṣoṣo, bí ẹni tí ń ta ọjà fún ará ilé àti fún àlejò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Kò sì burú bí ó bá jẹ́ nínú kíláàsì wa ni ó ti bá a.